Ẹni Tó Ń Ra Wàrà Màlúù Ara Rẹ̀

Ìwọ tí o mú ìwé yìí dání, gbọ́ ìkìlọ̀ kan kí o tó kà á lọ. Bí o bá ní màlúù sínú igbó níbì kan, tí ìyàwó rẹ ò mọ̀, tí ẹbí rẹ ò mọ̀, tí ìjọba náà ò sì mọ̀, má ra wàrà rẹ̀. Ti ẹlòmíràn ni kí o rà. Bí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé tìrẹ ló dùn jù, sọ fún ọkàn rẹ pé kó panu mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ńṣe lo ń kà á sókè, kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ ná. Ọkùnrin kan wà ní Ṣábẹ tí kò rí ẹni kìlọ̀ fún un. Ohun tójú rẹ̀ rí nìyí.

Fẹ̀yìntọlá lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa sọ igi kalẹ̀ dábùú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀ láti Kútọnu tàbí láti Parakou, kó sì gbé igi náà sókè bí ọkọ̀ bá kọjá tán. Iṣẹ́ náà bá a lára mu, nítorí ẹlẹ́rùjẹ̀jẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kankan ò ní í kọjá pàápàá, bó bá fẹ́ sọdá irin, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á dúró, á tún wo ọ̀tún, bí ẹni pé ọkọ̀ lè hù jáde látinú ilẹ̀. Ó kàwé dé kíláàsì kẹta. Ìwé tó mọ̀ kò ju èyí tó lè fi ka orúkọ ara rẹ̀ lára bébà lọ, kí àyà rẹ̀ sì já.

Ó ti lé lógójì ọdún kó tó fẹ́ Rosalie, ọmọ Kaboua. Àwọn ọmọ sì wá tò tẹ̀ lé ara wọn bíi fagọ́ọ̀nù ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n so mọ́ra: Clémentine jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, Félix jẹ́ ọmọ ọdún méjì àbọ̀, Théophile sì ń rákò. Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ibà dá Rosalie dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó máa fi dìde, ọmú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Obìnrin tó ń gbẹ̀bí ní matẹnitẹ́, ìyẹn ilé ìgbẹ̀bí, ní kó má já èyí tó kéré jù lẹ́nu ọmú, kó máa fún un ní ẹ̀kọ mímu mọ́ ọn, kí wọ́n sì wá wàrà díẹ̀ kún oúnjẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní èyíkéyìí tí wọ́n bá rà, kí iná kọ́kọ́ rí i kí ẹnu ọmọ tó rí i. Ọ̀rọ̀ iná ò mú ìjà wá. "Èyíkéyìí" yẹn gan-an ló kó wàhálà wọlé.

Oríṣi wàrà mẹ́ta ló wà ní Ṣábẹ nígbà náà. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ìjọba, ó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kéde pé ó ti dé, kí èèyàn tó wẹsẹ̀ débẹ̀, àpò òfìfo ni wọ́n á máa ká. Ọ̀kan jẹ́ ti agolo, ó nípọn, ó dùn bí oyin, ó sì wà nínú ìsọ̀ Lùkúmọ́nù tó dojú kọ ibi tí ọ̀nà ti gba orí irin kọjá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Lùkúmọ́nù ti wá, òun fúnra rẹ̀ kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ju kí ó rà, kí ó tà. Ìkẹta ni ti àwọn obìnrin Fúlàní, tí wọ́n máa ń gbé wọ ìlú láàárọ̀ nínú igbá, pẹ̀lú wàgàsì, ìyẹn wàrà dídì, nínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ti agolo ni Rosalie fẹ́. Ó ní agolo ní ìdérí tí eṣinṣin kò lè ṣí, ó ní kì í kan, ó sì ní Lùkúmọ́nù kì í ṣahun èènì. Kò retí pé ẹnikẹ́ni máa bá òun jiyàn, nítorí Fẹ̀yìntọlá kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìdáná. Bí èèyàn bá bi í pé ọbẹ̀ wo ni ká sè, èsì rẹ̀ ni pé èyí tó bá jiná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dárúkọ wàrà, ó dìde lórí àpótí ó ní wàrà Fúlàní ni kí wọ́n rà. Rosalie wò ó bí ẹni tí ewúrẹ́ kí pé ẹ kú àárọ̀.

Ohun tí Rosalie kò mọ̀ nìyí. Àbí ká sọ pé ohun tí Fẹ̀yìntọlá gbà pé Rosalie kò mọ̀ nìyí.

Ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà, tí àgbàdo tà dáadáa, Fẹ̀yìntọlá ra abo màlúù kékeré kan, dúdú olójú funfun. Ó fà á lé Fúlàní kan tó ń jẹ́ Abdoulaye lọ́wọ́, ẹni tí ibùdó rẹ̀ wà nínú igbó lọ́nà Boni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbègbè yẹn ni pé àgbẹ̀ lè ra màlúù ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n dà, Fúlàní ló mọ̀ ọ́n dà. Wàrà ni owó iṣẹ́ darandaran. Ẹni tó ni màlúù ló ni ọmọ màlúù, òun ni yóò sì máa ra iyọ̀ tí màlúù máa lá, ṣùgbọ́n wàrà kì í ṣe tirẹ̀. O lè ní ogún màlúù, bí òǹgbẹ wàrà bá ń gbẹ ọ́, mú abọ́ rẹ wá kí o sanwó bíi ti gbogbo èèyàn. Ẹnikẹ́ni kì í jà sí i.

Òfin kejì tún wà tí ẹnì kan kì í là lẹ́nu. Darandaran kì í sọ ẹni tó ni màlúù. Ní Ṣábẹ, bí o bá pàdé ọkùnrin tí ìgbẹ́ màlúù ṣì wà ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tí o bi í bóyá ó ní màlúù, yóò sọ fún ọ pé adìyẹ pàápàá apá òun ò ká. Ó nídìí. Bí ẹbí bá gbọ́ pé o ní màlúù, gbogbo òkú inú ẹbí ti di tìrẹ nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ ní í bẹ̀ ọ́. Okùn ni wọ́n á mú wá.

Èyí burú tó fún ẹni tí kì í bẹ̀rù. Ìjọba àwọn sójà wá dé, wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà, redíò sì ń sọ lójoojúmọ́ pé ẹni tó bá ń kó ọrọ̀ jọ nígbà tí ẹlòmíràn kò ní, ọ̀tá ará ìlú ni. Àwọn ajagun àjèjì kan sì tún fi bàálù balẹ̀ sí Kútọnu ní ìdájí ọjọ́ kan, láti ìgbà náà ni kálukú ti ń fi ìgbákejì ojú wo aládùúgbò rẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni Marcel, tó jẹ́ delegé àdúgbò, ẹni tí ìgbìmọ̀ ìjọba yàn lé wọn lórí, ń lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìwé ńlá kan, ó ń ka ẹran ọ̀sìn. Ó dé ọ̀dọ̀ Fẹ̀yìntọlá. Ó béèrè ewúrẹ́, kò sí. Ó béèrè àgùntàn, kò sí. Ó béèrè màlúù. Fẹ̀yìntọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì jáde bí ti ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Marcel kọ ọ́ sílẹ̀ pé adìyẹ mẹ́rin. Fẹ̀yìntọlá fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, bó bá rí bébà nílẹ̀, ńṣe ló ń yà fún un.

Ẹ wá wò ó. Ní àárín ọ̀sẹ̀ tí Rosalie ń múra láti ra agolo, Abdoulaye kọjá lórí irin, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ sí ilẹ̀. Ó ní ó ti bí. Ó ní abo ni. Ó ní wàrà rẹ̀ pọ̀, Alimatou ìyàwó òun ló sì ń gbé e wá tà ládùúgbò. Ó nàró, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ìdùnnú bá ẹni tí kò gbọdọ̀ yọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ náà, Fẹ̀yìntọlá ń gbé igi sókè, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí fagọ́ọ̀nù ẹlẹ́rù. Èyí ni wàrà tí wọ́n ń sọ pé kí àwọn ọmọ òun má mu, kí wọ́n lọ máa mu ti màlúù tí òun ò mọ bàbá rẹ̀!

Kò lè dárúkọ màlúù, nítorí náà ó yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ redíò. Ó dúró sí àárín àgbàlá, ó ní orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbára lé agbára ara rẹ̀. Ó ní wàrà agolo, wàrà àwọn amúnisìn ni.

Rosalie jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Bàbá Clémentine, redíò tẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ yẹn, ní Ṣábẹ níbí ni wọ́n ti ṣe é?"

Fẹ̀yìntọlá jókòó. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti kọjá ọ̀nà lọ sódìkejì, Lùkúmọ́nù sì dáhùn látinú ìsọ̀ rẹ̀ pé àwọn agolo òun ti wà lórí pákó láti ọdún tó kọjá, òun ò rí i kí wọ́n ṣèpàdé lòdì sí ẹnikẹ́ni rí. Àwọn tó wà lọ́nà rẹ́rìn-ín. Lùkúmọ́nù náà rín, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò dé inú. Ẹni tó bá pe ọjà ọlọ́jà ní ọ̀tá ìlú nígbà yẹn, kì í ṣe eré kékeré ló ṣe.

Wọ́n fẹnu kò sí i pé kí wọ́n dán méjèèjì wò. Clémentine ní agolo ló dùn jù, ó sì fi ìka jẹ́rìí sí i títí ìsàlẹ̀ agolo fi mọ́. Félix mu ti agolo, ó mu ti igbá, ó mu omi tí wọ́n fi ṣan abọ́. Théophile mu ti igbá, ó gùfẹ̀, ó sùn. Nígbà tí wọ́n fún un ní ti agolo tí wọ́n fi omi gbígbóná pò, ó tu ú sára bàbá rẹ̀. Inú Fẹ̀yìntọlá dùn sí itọ́ náà débi pé kò tètè nù ún.

Wọ́n ń ra ti igbá nìyẹn. Ibi tí ó ti bàjẹ́ ni pé Fẹ̀yìntọlá kò jẹ́ kí wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi Alimatou. Obìnrin Fúlàní mẹ́rin ló máa ń kọjá láàárọ̀. Mẹ́ta á kọjá, Fẹ̀yìntọlá á máa wojú sánmà. Bí ó bá kan Alimatou, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé abọ́ jáde, ọkùnrin pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀. Á wo inú igbá bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ó tún máa ń fún un ní iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan tí wọ́n dì sínú bébà símẹ́ńtì. Ẹ̀yìn ahéré rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ló ti ń fún un, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ṣùgbọ́n ní Ṣábẹ, ẹ̀yìn ibì kan ni iwájú ibòmíràn. Ẹ̀yìn ahéré Fẹ̀yìntọlá ni iwájú ìsọ̀ Lùkúmọ́nù.

Lùkúmọ́nù kò mọ̀ nípa màlúù ju pé ẹran ni wọ́n ń pè é bó bá dé inú ìkòkò. Kò mọ̀ pé màlúù ń lá iyọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé lọ́jọ́ ìdána, iyọ̀ wà lára ẹrù tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìyàwó. Ó rí iyọ̀ àkọ́kọ́, ó dákẹ́. Ó rí èkejì, ó wúkọ́. Nígbà tó rí ẹ̀kẹta, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ẹ̀rọ omi sì sọ fún gbogbo ayé pé Fẹ̀yìntọlá onígi ń fi iyọ̀ fẹ́ ìyàwó Fúlàní díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n lọ sọ fún Rosalie. Àwọn tó lọ sọ fún un ti di gèlè wọn le, nítorí ariwo tí wọ́n ń retí. Rosalie ń wẹ Théophile lọ́wọ́. Ó ní báwo ni iyọ̀ náà ṣe tóbi tó. Wọ́n fi ọwọ́ wọn ọ́n fún un. Ó ní ṣé iyọ̀ kíkúnná ni àbí oníkókó. Wọ́n ní oníkókó. Ó ní ó dáa, ó sì da omi lé ọmọ lórí. Àwọn obìnrin náà padà sílé bí ẹni tó lọ wo eré tí wọn ò rí i.

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá tibi iṣẹ́ dé, Rosalie gbé oúnjẹ fún un, ó dúró títí ó fi jẹun tán, ó wá sọ̀rọ̀.

"Bàbá Clémentine, nǹkan kan wà lọ́kàn yín. Bẹ́ ẹ bá fẹnu ara yín sọ ọ́ fún mi kó tó di ọjọ́ ọjà, kò sí ìjà. Bẹ́ ò bá sọ ọ́, èmi àtàwọn ọmọ á lọ kí bàbá mi ní Kaboua. Mi ò sì mọ ìgbà tí kíkí yẹn máa parí."

Ó gbé abọ́, ó lọ. Kò pariwo rárá. Ìyẹn gan-an ló ba Fẹ̀yìntọlá lẹ́rù. Obìnrin tó bá ń pariwo, o mọ ibi tó wà.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù sí ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ kìíní, Fẹ̀yìntọlá pe Rosalie. Nígbà tó dé, ó sọ fún un pé ìkòkò ń hó dà nù. Kò sí ìkòkò lórí iná. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ. Rosalie jókòó, ó gbá orúnkún mú. Fẹ̀yìntọlá wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, ó wo redíò, ó dìde lọ pa redíò bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ̀rọ̀, ó padà jókòó, ó sì bi ìyàwó rẹ̀ bóyá ata ṣì wà nílé. Rosalie ní ata wà. Ó dìde.

Bó bá sọ ọ́ ńkọ́? Rosalie á sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ní arábìnrin mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ á ti Kaboua padà sí Ṣábẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí, á sì bá Marcel nídìí ìwé ńlá yẹn, níbi tí wọ́n kọ adìyẹ mẹ́rin sí. Wọ́n á gba màlúù. Bóyá wọ́n á gba iṣẹ́ náà pẹ̀lú, nítorí ẹni tó ń purọ́ fún ìjọba lórí màlúù lè purọ́ fún un lórí ọkọ̀ ojú irin. Bí kò bá sì sọ ọ́? Ó wo àwọn ọmọ láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Clémentine ti fi wàrà ṣe irùngbọ̀n, ó ń ṣe bíi delegé. Félix ń lá ìdí abọ́. Théophile fi ọwọ́ méjèèjì di àtàǹpàkò bàbá rẹ̀ mú, kò jẹ́ kó lọ síbi iṣẹ́. Ó gbìyànjú láti ronú bí ilé náà ṣe máa rí bí kò bá sí ariwo yìí. Kò lè ronú ẹ̀ débì kankan.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìyẹn ọjọ́ ọjà, Rosalie di ẹrù. Ẹrù náà wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n wá ké sí wọn pé delegé ń pe gbogbo wọn. Lùkúmọ́nù ti lọ rò fún Marcel pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ń fún ìyàwó ẹni ẹlẹ́ni níyọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tún ń ba àwọn agolo tí kò ṣẹ̀ ẹ́ lórúkọ jẹ́.

Wọ́n bá Marcel ní àgbàlá rẹ̀, ó jókòó sórí àga, ìwé ńlá náà wà lórí itan rẹ̀. Lùkúmọ́nù ti jókòó sórí bẹ́ńṣì. Alimatou wà níbẹ̀ pẹ̀lú igbá wàrà tí kò tíì tà tán, Abdoulaye ọkọ rẹ̀ sì fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró, ó gbé èkejì lé orúnkún bí ti àwọn darandaran. Rosalie wọlé pẹ̀lú Théophile lẹ́yìn àti ẹrù lórí, Clémentine àti Félix sì ń tẹ̀ lé e. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí gbogbo ojú á ti rí i.

Marcel kéré lọ́jọ́ orí sí Fẹ̀yìntọlá. Ìjọba ní kamaráàdì ni gbogbo èèyàn, kò sí àgbà, kò sí ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹnu Marcel kò gbà láti pe ẹni tó jù ú lọ ní ìwọ. Nítorí náà ó ti fúnra rẹ̀ ṣe oyè kan. Kamaráàdì ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè wọ́n.

Ó jẹ́ kí Lùkúmọ́nù rojọ́. Lùkúmọ́nù rò ó dáadáa: ọjọ́ iyọ̀ kìíní, ọjọ́ iyọ̀ kejì, ọjọ́ iyọ̀ kẹta, ibi tí oòrùn wà nígbà tí wọ́n fún un. Nígbà tó parí, Marcel ṣí ìdérí gègé ìkọ̀wé rẹ̀.

"Kamaráàdì ẹ̀gbọ́n, iyọ̀ tẹ́ ẹ ń fún obìnrin yìí, kí ló wà fún?"

Fẹ̀yìntọlá wo ọ̀tún, ó rí ìwé. Ó wo òsì, ó rí ẹrù Rosalie. Ó tún wo ọ̀tún. Rosalie kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Théophile rí bàbá rẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà rí i pé ẹsẹ̀ òun ti gbé òun síwájú.

"Màá sọ ọ́," ó ní. "Kamaráàdì delegé, iyọ̀ yẹn kì í ṣe ti obìnrin. Ẹ ṣí ìwé yín. Ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí pé adìyẹ mẹ́rin…"

Abdoulaye wúkọ́. Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kejì kalẹ̀.

"Delegé," ó ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ, "bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni, èmi ni kẹ́ ẹ bi. Mo mọ ẹni tó ń fún wa níyọ̀. Mo mọ ẹni tí kò tíì fún wa láti ìgbà òjò. Ṣé kí n máa kà wọ́n? Mo lè bẹ̀rẹ̀ láti inú àgbàlá yìí, ká tó dé ojú irin."

Kò nawọ́ sí ẹnikẹ́ni. Ńṣe ló kàn ń fi ẹnu ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀. Ọ̀pá náà ha ilẹ̀ lọ, ó ha ilẹ̀ bọ̀, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ àga Marcel.

Gègé Marcel dúró lórí afẹ́fẹ́. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ò tíì mú. Ó pa ìwé dé. Ó ní iṣẹ́ ìjọba pọ̀, ó ní redíò ti sọ ọ́ pé kí àgbẹ̀ àti darandaran máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀, àti pé bí kò bá sí iyọ̀ láàárín èèyàn, báwo ni wọ́n ṣe máa fọwọ́ sowọ́ pọ̀? Ó ní ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n Fẹ̀yìntọlá ti gbé ohun yìí sínú fún ọdún mẹ́fà. Ó ti wá fà á dé ọ̀fun lónìí, kò sì mọ ọ̀nà tó máa gbà dá a padà.

"Mo fẹ́ sọ ọ́," ó ní.

"Ẹ má sọ ọ́," Marcel ní.

"Ó ti dé ẹnu mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e mì." Marcel ti gbàgbé kamaráàdì. "Ẹ dákun. Ẹ gbé e mì."

Lùkúmọ́nù nìkan ni kò yé nínú gbogbo wọn. Ó wo ojú èyí, ó wo ojú tọ̀hún, ó ní iyọ̀ ìdána ńkọ́. Marcel bi í pé mélòó ni màlúù tirẹ̀. Lùkúmọ́nù ní òun ò ní ọ̀kan ṣoṣo, kí Ọlọ́run gbọ́. Marcel ní ó ti hàn bẹ́ẹ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Rosalie gbé ẹrù rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, inú rẹ̀ ń dùn, ó rò pé ilé ni wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé oríta tí ọ̀nà kan ti yà sí ibi tí ọkọ̀ Kaboua ti ń kérò, Rosalie dúró.

"Delegé lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún. Wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ sọ ọ́. Èmi tí mo ní kẹ́ ẹ sọ fún mi, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan o."

Àwọn èèyàn ń kọjá lọ sọ́jà. Oníkẹ̀kẹ́ kan ń tẹ agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yà fún òun. Fẹ̀yìntọlá sún mọ́ ìyàwó rẹ̀ títí tí Théophile fi lè fà á ní irùngbọ̀n.

"Màlúù ni," ó ní. "Ọ̀kan péré. Lọ́wọ́ Abdoulaye. Ó ti tó ọdún mẹ́fà. Iyọ̀ rẹ̀ ni mò ń rà. Ó ti bímọ. Wàrà rẹ̀ ni àwọn ọmọ ń mu."

Rosalie bi í pé, "Dúdú yẹn ni? Olójú funfun?"

"Òun ni."

"Ọdún mẹ́fà, kẹ́ ẹ tó fẹ́ mi," ó ní. "Ẹ wá lọ ń fi redíò bá mi jà nítorí rẹ̀." Ó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé e lé orí ọkọ rẹ̀, ó sì kọjú sọ́nà ilé. Ìtura bá Fẹ̀yìntọlá tó bẹ́ẹ̀ tí kò bi ara rẹ̀ pé ta ló sọ àwọ̀ màlúù fún obìnrin náà. Ọkùnrin pẹ̀lú ẹrù obìnrin lórí ní ojúmọmọ, àwọn èèyàn ń wò ó, kò tiẹ̀ wo ọ̀tún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alimatou dé. Igbá méjì ló gbé lọ́jọ́ náà, ó sọ méjèèjì kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Fẹ̀yìntọlá gbé abọ́ jáde bí onílé, kò fara pamọ́ mọ́, ó tiẹ̀ ń fi ohùn òkè kí i. Rosalie gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Alimatou ti ki ahá bọ inú igbá iwájú nígbà tí Rosalie di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Rárá, kì í ṣe ìyẹn," ó ní. "Ti olójú funfun yẹn ń ṣàn bí omi òjò, mo kàn ń fara dà á ni. Bù fún mi nínú ti pupa."

Alimatou fi ìdí aṣọ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bù ú láti inú igbá ẹ̀yìn. Wàrà náà nípọn, ọ̀rá lé lórí rẹ̀, ó pọ́n fẹ́rẹ́ bí ìgbà tí oòrùn ń yọ. Fẹ̀yìntọlá wo igbá kan, ó wo èkejì. Ó rántí pé Rosalie dárúkọ àwọ̀ màlúù lóríta lánàá kí òun tó sọ ọ́, òye sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé e díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbọ́ ọkọ̀ tí ó ṣì jìnnà.

"Ìyá Clémentine, ta ló ni ti pupa?"

Rosalie gbé ìkòkò kaná. Ó ní kó bá òun ti igi yẹn sínú kí wàrà lè tètè hó.

"Mo ní ta ló ni ín?"

Ó yíjú sí Alimatou. Alimatou ti gbé igbá rẹ̀ rù, ó ní ìyàwó lásán ni òun, òun kì í mọ nǹkan, ó sì ti dé ojú ọ̀nà. Fẹ̀yìntọlá padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, ó lóṣòó tì í lẹ́bàá iná, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀kan ni, àbí ó ju ọ̀kan lọ?"

Rosalie fẹ́ná. Èéfín bò ó lójú, ó nu ojú, ó tún fẹ́ná.

"Àwọn ọmọ ti jí," ó ní. "Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."